Ẹni tí ìwé le fún ní kékeré, ṣé a lè fi ọmọ sí i lọ́wọ́?

Àdùkẹ́Òròkí:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo àti ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níbí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Prámárì kejì ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé ìjọba kan nígboro níbí. Nígbà tí a wọlé táàmù yìí, ìyá ọmọ kan lọ bá hẹ́dímísírẹ́ẹ̀sì wa pé kí wọ́n gbé ọmọ òun kúrò lọ́dọ̀ mi. Èmi àti ìyá yìí jọ lọ sí ilé-ìwé kan náà ní kékeré ni, ó sì rántí pé mo tún prámárì kẹta ṣe. Ó ní, "Nígbà tí àwa ti wà ní prámárì karùn-ún, kò tíì lè dá ìwé kà. Kí ló fẹ́ fi kọ́ ọmọ mi?" Hẹ́dímísírẹ́ẹ̀sì ní kó fara balẹ̀ di ìdajì táàmù. Wọ́n wá pè mí, wọ́n sọ ọ́ fún mi bó ṣe jẹ́.

Kò parọ́ mọ́ mi. Mo tún prámárì kẹta ṣe lóòótọ́. Mo dá lẹ́tà mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti tò wọ́n pọ̀, wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. "b" àti "d" a máa gba ipò ara wọn lójú mi. Ẹni kankan ò sì tètè mọ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa nìyí: tíṣà á ka ìlà kan, gbogbo kíláàsì á gbè é. Etí mi jí, mo máa ń há odindi ojú ìwé sórí, màá fi ìka lé ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kà á. Ọjọ́ ìdánwò tí wọ́n ní kí n dìde kà á lémi nìkan ni àṣírí tú. Mi ò sì lè béèrè, nítorí Òyìnbó ni a gbọ́dọ̀ fi béèrè. Ẹni tó bá sọ fanákúlà á san owó tàbí kó jẹgba. Ọdún kejì tí mo lò ní kíláàsì yẹn, ìwé kan náà, ìgbè kan náà, ìjókòó ẹ̀yìn kan náà ni.

Àbúrò ìyá mi ló yọ mí. Aránṣọ ni ní Òkè-Fìà, kì í ṣe tíṣà. Ọlidé gígùn kan, ó mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń la aṣọ, ó kọ ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu sórí tábìlì ìgéṣọ. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa kọ orúkọ ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù: òwú, abẹ́rẹ́, àlùmọ́gàjí, bọ́tìnì. Èdè tí mo ń sọ ló kọ́kọ́ di ìwé lójú mi. Òyìnbó tẹ̀lé e lẹ́yìn náà, kò sì le tó bí mo ṣe rò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú Primary Education nígbà tí mo fẹ́ ṣe NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, tí mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún mi ní kíláàsì kékeré. Títí dòní, bí ọmọ bá kàwé fún mi tán, mo máa ń ní kó tún kà á láti ìlà ìsàlẹ̀ wá sókè, tàbí kó fi ìka han ọ̀rọ̀ tí mo bá pè. Ẹni tó há a sórí á dúró. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á máa lọ. Ìwé kankan ò kọ́ mi ní èyí.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ọ̀rọ̀ ìyá yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Ẹ̀yin tí ìwé le fún tí ẹ sì padà di olùkọ́, kí ló fi sí yín lọ́wọ́, kí ni kò sì fi sí i?

TíṣàÀgbàAyétòrò:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n dákẹ́.

Ìyá yẹn ṣì ọ́ kà, ṣùgbọ́n kí ìwọ náà má fi ìyà ṣe ìwé ẹ̀rí. Ojú mi rí tíṣà méjì tí wọ́n nà lánàkú ní kékeré. Ọ̀kan dé kíláàsì tirẹ̀, ó sọ pàṣán nù. Èkejì mú pàṣán tó gùn ju ti àwọn tó nà án lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ni pé, "Bí wọ́n ṣe nà wá nìyí tí a fi gbọ́n." Ìyà kan náà ló jẹ àwọn méjèèjì. Èyí tó sọ pàṣán nù wádìí ohun tó ṣe òun, èkejì kò wádìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí gbígbè yẹn ti wá, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ọ̀lẹ ni àwọn olùkọ́ àtijọ́. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní 1955, iye ọmọ tó wà ní prámárì kúrò ní nǹkan bí 450,000 lọ́dún tó ṣáájú, ó fò sókè kọjá 800,000. Lọ́dún kan ṣoṣo! Ibo ni wọn ó ti rí olùkọ́? Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni wọ́n tún dá padà sí kíláàsì láti kọ́ àwọn àbúrò wọn. Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní 1976 tí ìjọba àpapọ̀ gbé UPE, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ prámárì tiwọn, kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Àsìkò yẹn ni èmi wọṣẹ́. Mi ò tíì ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ Grade Two nígbà tí wọ́n kó kíláàsì lé mi lọ́wọ́. Tí ọmọ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níwájú ẹni tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, gbígbè ni yóò máa gbè. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó mọ̀.

Nítorí náà, tí ìyá náà bá tún wá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni kí o fi hàn án. Má ròyìn ìgbà kékeré rẹ fún un.

ỌmọAláró:

Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí ìrírí mi wà nínú bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Mátì ni mò ń kọ́ ní girama. Ní prámárì, olódo ni wọ́n ń pè mí. Mo ga, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi mí sí, bọ́ọ̀dù sì ti di funfun nítorí pé wọn ò fi èédú kùn ún. Oòrùn á tún gba ojú fèrèsé wọlé, á máa tàn lára rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwé ọ̀rẹ́ tó jókòó tì mí ni mo máa ń wò kọ, wọ́n á sì nà mí pé mo ń jí iṣẹ́ wò. Mo gbà fún wọn pé orí mi kú, nítorí mi ò mọ̀ pé àwọn yòókù ń rí ohun tí èmi ò rí. Ọmọdé ò lè mọ̀. Ojú tí wọ́n bí i mọ́ ló mọ̀.

JSS2 ni àwọn oníṣègùn ojú wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n fún mi ní gíláàsì. Ewé orí igi tó wà níta ni mo kọ́kọ́ rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó fi sí mi lọ́wọ́ rèé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù, kí n tó kọ́ ohunkóhun, mo máa ń kọ lẹ́tà ńlá, àárín àti kékeré sórí páálí, màá wọn mítà mẹ́fà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi ọwọ́ bo ojú kan kà á, á sì bo èkejì. Kò dọ́gba pẹ̀lú ti dókítà, kò sì pọn dandan kó dọ́gba. Ẹni tó bá ń fojú sín-ín-rín, mo gbé e wá síwájú, mo sì kọ̀wé sí òbí rẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Kò sí táàmù kan tí mi ò rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì: tí mo bá rí ọmọ tó ń wo ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, mo kọ́kọ́ máa ń béèrè pé, "Ṣé o rí bọ́ọ̀dù?"

Nítorí náà, bàbá, mo gbà pé ìyà nìkan ò tó. Àmọ́ ẹni tó bá ti mọ ohun tó ṣe òun, ó ní ojú kan tí ẹni tí ìwé rọ̀ fún láti ilẹ̀ kò ní.

Ìyá_Ẹ̀jìrẹ́:

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin tíṣà. Ọjà-Ọba ni mo ti ń tajà, mi ò kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ṣùgbọ́n mi ò dá ìyá yẹn lẹ́bi tán.

Ọmọ ò ní prámárì kejì méjì láyé. Tí táàmù bá lọ, ó lọ nìyẹn. Àwa tí a ò lówó praifẹ́ẹ̀tì, tíṣà tí wọ́n bá fún wa la ní. Ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò yẹ kó fi ọ̀rọ̀ àná bú Àdùkẹ́, ìyẹn ò dáa rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni.

Èmi náà ti rí òdìkejì. Ìbejì mi, Kẹ́hìndé, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Tíṣà tí gbogbo àdúgbò ń yìn, tó gba máàkì jù nígbà tó wà nílé-ìwé, òun ló ń fi rúlà gbá ọwọ́ ọmọ yẹn títí tí ọmọ ò fi fẹ́ kọ nǹkan kan mọ́. Táyé ń kọ, Kẹ́hìndé ń wò. Ìwé ò ṣòro fún tíṣà yẹn rí, kò yé e bó ṣe lè ṣòro fún ẹlòmíràn.

Ẹ dá mi lóhùn: kí ni kí òbí bíi tèmi wò láti mọ tíṣà tó mọṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n_Sábọ̀:

Ó dà bíi pé a ń yẹra fún ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ wa tó di olùkọ́, JAMB ló gbé wa débẹ̀. Ní 2024, 140 ni máàkì tó kéré jù tí wọ́n fẹnu kò sí fún yunifásítì, 100 fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ohun tí èyí ń sọ fún ọmọdé ni pé ẹni tí ìwé bá kọ̀, kó lọ máa kọ́ni. Lọ́yà ni mo fẹ́ ṣe. Máàkì mi ò tó, bàbá mi ní kí n má jókòó sílé, mo bá lọ ṣe NCE. Àwa tó jókòó nínú ìyàrá àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, tí ẹ bá bi wá pé ta ló fẹ́ ṣe tíṣà, ọwọ́ díẹ̀ ni yóò nà sókè.

Nítorí náà ẹ̀rù ìyá yẹn kò já látọ̀run. Àwa ni a kọ́ àwọn òbí pé ibi tí àwọn tó fìdí rẹmi ń lọ ni iṣẹ́ olùkọ́. Owó oṣù tí a ń gbà náà ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ tíṣà, ló yí mi padà, mi ò ní purọ́. Wọ́n rán mi lọ sí ilé-ìwé abúlé kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i pé mo lè ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tí kò yé, kí ó sì yé e. Ìdùnnú tó wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ ì bá má fún mi. Ṣùgbọ́n tí TP yẹn bá ti burú fún mi ńkọ́? Ǹ bá ṣì wà nínú kíláàsì dòní, nítorí owó, pẹ̀lú ìbínú. Irú wa pọ̀. Àwa ni kí ìyá yẹn bẹ̀rù. Ẹni tó yan iṣẹ́ yìí nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí ní kékeré kọ́.

Àdùkẹ́Òròkí:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ síta. Yíyàn mi àkọ́kọ́ ni NCE jẹ́. Àwọn ará ilé mi bínú sí i nígbà náà, wọ́n ní máàkì mi gbé mi dé yunifásítì, kí ló dé tí mo fẹ́ lọ kọ́ ọmọ kéékèèké.

Bàbá Tíṣà, mo gba ọ̀rọ̀ yín. Ohun tí ẹ sọ nípa 1955 àti 1976 wọ̀ mí lára. Mo ti ń di tíṣà prámárì kẹta mi sínú fún ọdún púpọ̀. Mi ò rò ó rí pé bóyá ẹni kankan ò kọ́ òun náà ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà.

Màmá Ìbejì, mo ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé.

Aṣèwádìí_Ifẹ̀:

Ẹ kú ìjíròrò. Ohun tí aránṣọ Òkè-Fìà yẹn ṣe ló ń dùn mọ́ mi jù, nítorí ohun tí wọ́n ti dán wò nítòsí wa gan-an ni.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlànà ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tó mọ Òyìnbó dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Òyìnbó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀lé ọ̀nà tí a mọ̀, tí wọ́n ń yí sí Òyìnbó láti prámárì kẹrin. Àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ìwé ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Òyìnbó pàápàá.

Ní ìparí 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Òyìnbó ni kí a fi kọ́ wọn láti ilẹ̀. Ó dùn mí wọra. Iye ọmọ tó máa jókòó sẹ́yìn, tí ìbéèrè wà lọ́kàn wọn tí ẹnu wọn ò lè gbé e jáde, tún máa pọ̀ sí i.

TíṣàÀgbàAyétòrò:

Aṣèwádìí, mo mọ iṣẹ́ Fáfúnwá, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ rọra dá àwa tí a ń gba owó fanákúlà lẹ́bi. Àwọn òbí ló ń bẹ̀ wá. Ẹni tó ń ṣe aró, tó ń pọn omi kó lè rówó bàtà ọmọ, á wọlé wá sọ pé, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kó gbọ́ Òyìnbó o." Nígbà náà, ọmọ tó gbọ́ Òyìnbó ló ń ríṣẹ́ ní Rélùwéè àti ní ọ́fíìsì ìjọba. Ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ wọn kò burú.

Aṣèwádìí_Ifẹ̀:

Òótọ́ ni, bàbá, ohun tí wọ́n fẹ́ kò burú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni kò gbé ọmọ débẹ̀. Àdùkẹ́ gbọ́ Òyìnbó dòní, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó fanákúlà ló kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti títún kíláàsì ṣe. Àjọ kan wà ní Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Pratham, Mumbai ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní àárín ọdún 1990 sí 1999. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, wọn á pín ọmọ sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lè kàwé sí: àwọn tó dá lẹ́tà mọ̀, àwọn tó lè ka ọ̀rọ̀ kan, àwọn tó lè ka ìpínrọ̀, àwọn tó lè ka ìtàn. Wọn kì í wo ọjọ́ orí tàbí kíláàsì. Tí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n, ó kọjá sí ọ̀wọ́ kejì, kò dúró de ìparí ọdún. Nàìjíríà náà ti ń lò ó níbì kan. Ẹ fi wé ọmọ tí wọ́n dá dúró fún odindi ọdún kan kó tún wá gbọ́ ohun tí kò yé e lẹ́ẹ̀kan sí i.

ỌmọAláró:

Màmá Ìbejì, ẹ bi wá pé kí ni kí òbí wò. Èmi ó dáhùn èyí tí mo mọ̀. Ẹ mú ìwé ọmọ yín, ẹ wo ibi tó ti kùnà. Ṣé tíṣà fa ìlà pupa nìkan ni, àbí ó kọ ohun tí ọmọ ìbá ṣe? Ẹ bi tíṣà pé, "Kí ni ọmọ mi ò tíì mọ̀?" Tíṣà tó bá ní, "Kì í fọkàn sí i," kò tíì wò ó. Tíṣà tó bá ní, "Ó mọ àròpọ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ní láti yá mẹ́wàá nínú ìyọkúrò, ibẹ̀ ló ti ń ṣì," ẹ fi ọkàn yín balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, yálà ó gba máàkì jù nígbà kan rí tàbí kò gbà á.

Àdùkẹ́Òròkí:

Mo padà dé o. Ìyá yẹn wá lọ́jọ́ Jímọ̀.

Mo ṣe bí Bàbá Tíṣà ṣe wí, mi ò ro ìtàn kankan fún un. Mo gbé ìwé ọmọ rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní kí ọmọ kàwé. Ó kà á dáadáa. Mo ní kó kà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó dúró ní ìlà kejì, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀. Mo wá fi páálí ọ̀rọ̀ tí mo gé fún un han ìyá rẹ̀, mo sọ èyí tó ti mọ̀ àti èyí tó kù, mo sì sọ pé ó máa ń pa "m" àti "n" pọ̀.

Ìyá náà ò tọrọ àforíjì, mi ò sì béèrè. Ó ní òun á jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi di ìdajì táàmù, ṣùgbọ́n òun fẹ́ máa rí ìwé rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Mo ní kó wá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tó ń lọ ó bi mí bóyá òun lè mú páálí díẹ̀ lọ sílé, mo sì kó o fún un.

Bó bá yí ọkàn padà lẹ́yìn ìdajì táàmù, kò burú. Ọmọ náà á ti mọ ìwé díẹ̀ kà sí i kó tó lọ.

Ìyá_Ẹ̀jìrẹ́:

Mo dúpẹ́ o, Ọlọ́run á máa ràn ẹ́ lọ́wọ́. Ti Kẹ́hìndé wá ńkọ́? Tíṣà mìíràn ló ń kọ́ wọn báyìí, kì í nà án, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ ṣì rí wúruwùru, inki á sì kùn ún lọ́wọ́.

Àdùkẹ́Òròkí:

Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá yí i sí ọwọ́ ọ̀tún. Tó bá fẹ́ kí àgbàlagbà tàbí kó gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ́ ọ kó lo ọ̀tún, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ìwé kíkọ lọ́tọ̀.

Ìwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀. Kó dá orí ìwé náà sí apá ọ̀tún díẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìlà tó ń kọ, kò ní máa nu ohun tó ti kọ. Kó di pẹ́ńsù mú sókè díẹ̀ sí ẹnu rẹ̀ kó lè rí ohun tó ń kọ. Ẹ jẹ́ kó fi pẹ́ńsù kọ́ ọ ná, ẹ fi báírò sílẹ̀. Ní kíláàsì, ìparí bẹ́ńṣì lápá òsì ni kí wọ́n fi í sí, kí ìgbúnwọ́ òun àti ti ẹni tó jókòó tì í má máa lu ara wọn. Ẹ bá tíṣà rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Tí kò bá yé e, ẹ fún un ní nọ́ńbà mi tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀, èmi àti ẹ̀ á jọ sọ̀rọ̀.